Ta Ló Fọwọ́ Kan Iná Iyùn Náà?

Bí ẹ bá kí Kang Shui-yuan pé "ẹ káàárọ̀", yóò kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́.

Ẹ má bá a wí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté Keelung. Ó ti bá sìgá nínú àpótí bàtà, ó ti bá góòlù nínú ikùn bèbí oníke, ó sì ti bá ejò méjì tó lóyún nínú páálí tí wọ́n kọ "ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé" sí lára. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà kọ́ ọ: ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ, ní kó dìde lórí ẹrù tó jókòó lé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí àpótí tí yóò tú mọ́, àfi ẹyọ kan tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Àpótí onígíláàsì ni, kò tóbi ju àpò ìrìnàjò lọ. Omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹja pupa méjì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, iyùn kan sì jókòó sáàárín wọn bí ìyálé. Kì í ṣe iyùn tí wọ́n ń sín sọ́rùn o! Èyí tó wà láàyè ni. Ìdí rẹ̀ rí bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹranko ni. Orí méje ló ní, orí kọ̀ọ̀kan sì na ìka wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé jáde, tí ń fì nínú omi bí ọwọ́ ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró.

Iyùn náà kì í ṣe ti Shui-yuan. Ti Ẹ̀gbọ́n Chiu ni, ọ̀gá rẹ̀ ní èbúté, tó ti ń tọ́ ọ bọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà tí iyùn náà ti ní orí kan ṣoṣo. Nígbà tí àrùn dá Ẹ̀gbọ́n Chiu dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ó di ọwọ́ Shui-yuan mú. "Ah-Yuan," ó ní, "ìyàwó mi ò mọ omi iyọ̀ í pò. Bá mi tọ́ ọ. Má jẹ̀ẹ́ kó kú." Shui-yuan ní òun ò ní jẹ́ kó kú. Lọ́jọ́ kẹta, Ẹ̀gbọ́n Chiu dákẹ́. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, opó Chiu á gun àtẹ̀gùn wá, á jókòó síwájú àpótí náà fún wákàtí kan, á mu tíì, á sì padà sílé. Wọn ò bímọ. Ohun ẹlẹ́mìí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láyé, iyùn yìí ni.

Ibi ìdérí àpótí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iná gbọọrọ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbó, wọ́n ń ṣẹ́jú bí arúgbó tó ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni iyùn ń jẹ. Shui-yuan rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣú, ìka rẹ̀ ń gùn, ó ń nà sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí pẹpẹ. Bó ṣe di ọjọ́ Ajé, ó mú agbòjò, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ah-Piao, tó ń ta ohun èlò ẹja, lọ.

Ah-Piao ń rẹ́rìn-ín. Àmì burúkú àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ọ̀gá Kang! Iná tó máa bá ìdérí yín mu rèé." Ó gbé e sílẹ̀: pátákó irin kan bí àtẹ́lẹwọ́, gílóòbù wẹ́wẹ́ tò sórí rẹ̀ bí hóró àgbàdo, àwọn kan funfun, àwọn kan búlúù, kókó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń yí i láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Shui-yuan gbé e wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mì ín létí bóyá nǹkan kan wà nínú.

"Ẹ gbọ́ o, Ọ̀gá Kang. Iná yìí le. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má ṣe—"

"Kí lo tún fẹ́ tà fún mi?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Mo ní ẹ má ṣe kàn—"

"Mo mọ gbogbo 'ẹ má ṣe' yín! 'Ẹ má ṣe tàn án láìra oògùn.' 'Ẹ má ṣe tàn án láìra ike.' Di ẹrù mi."

"Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n—"

"Dì í!"

Ah-Piao dì í. Ó fi ìwé kékeré kan sí i, Shui-yuan sì sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé téèyàn kò béèrè, ó ní, ayédèrú ni.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ lórí ìdérí náà. Ó tú àwọn iná àtijọ́, ó ha ìpẹtà iyọ̀ dànù, ó de pátákó iná tuntun mọ́ irin pẹlẹbẹ kan kí ooru lè rí ọ̀nà jáde, ó fi fáànù kékeré sẹ́yìn rẹ̀, ó sì gé ike tó mọ́ gaara sábẹ́ gbogbo rẹ̀ kí omi iyọ̀ má baà ta sí i. Iṣẹ́ náà gún régé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni, a ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Su-chiao ìyàwó rẹ̀, tó ń ta oúnjẹ àárọ̀ nísàlẹ̀ ilé, gòkè wá, ó wo gbogbo irin tó wà nílẹ̀. "Ah-Yuan, ọkọ̀ òfuurufú wo lò ń kàn?"

Ìyá Su-chiao náà wà níbẹ̀. Màmá Fang nìyẹn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ti gbin òdòdó labalábá fún ogójì ọdún ní gúúsù kí orúnkún tó lé e wá sọ́dọ̀ ọmọ. Ó jókòó lórí àga gbọọrọ, ó ń fi eyín pa hóró òdòdó oòrùn jẹ, kà, kà, kà.

Shui-yuan yí kókó dé ọgọ́rùn-ún, ó sì tẹ iná.

Yẹ̀ẹ̀! Àfi bíi pé mànàmáná wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹja méjèèjì sá sẹ́yìn òkúta. Màmá Fang fi abẹ̀bẹ̀ bojú.

"Ah-Yuan, ṣé iyùn yẹn ti rí irú oòrùn yìí rí?"

"Màmá, iná ni. Kì í ṣe oòrùn."

"Ó ń ta mí lójú."

"Ẹ kọjú sí ògiri, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó jí lójú oorun ọ̀sán, kókó wà ní ọgbọ̀n.

Ó dúró, ó wò ó. Ó yí i padà sí ọgọ́rùn-ún, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn oorun ọ̀sán: ọgbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ọ̀pá ìjẹun lu etí àwo, kọ́ kọ́ kọ́.

"Ta ló fọwọ́ kan iná mi?"

"Iná wo?" Su-chiao béèrè.

"Mo fi í sí ọgọ́rùn-ún. Ó bọ́ sí ọgbọ̀n."

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́."

"Kì í rẹ kókó!"

"Ó rẹ ìyàwó ẹ. Jẹ ẹja ẹ."

Ó yíjú. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Màmá Fang fara balẹ̀ yọ eegun ẹja kan. "Èmi? Orúnkún wo ló máa gbé mi débẹ̀?"

Há! Ó fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkùnrin elejò ṣe ṣe lọ́jọ́sí! Ṣùgbọ́n Shui-yuan ò yára dájọ́. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kàn. Su-chiao: iná náà ń ba tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́. Màmá: ẹni tó máa ń yọ ìkòkò ìrẹsì kúrò lára iná mànàmáná nígbà tí ìrẹsì ṣì ń hó, nítorí ìbẹ̀rù ìjóná. Ah-Piao: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná tó ń yí ara rẹ̀ ló tà fún un. Ó tilẹ̀ fura sí èyí tó tóbi nínú ẹja méjèèjì, nítorí ọ̀nà tó ń gbà wo èèyàn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣe ohun tí aṣọ́bodè ń ṣe: ó lẹ èdìdì. Ó gé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láti orí kókó dé ara ìdérí, ó mú òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ "Kang Shui-yuan" sí nídìí, tí wọ́n ń tẹ̀ dípò ìbuwọ́lùwé, ó rì í bọnú yíǹkì pupa, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí orí àti ìdí ìwé náà. Pám! Pám! Ó ju òǹtẹ̀ padà sínú àwo ẹnu ọ̀nà, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ń gbé, ó sì lọ sùn bí ọba.

Ó jí. Èdìdì wà láìfarapa, yíǹkì pupa ń dán. Iná wà ní ọgbọ̀n.

Èèyàn kì í gba inú ìwé kọjá. Èèyàn ẹlẹ́ran ara, àbí? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra súnmọ́ gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n Chiu," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ẹ̀yin ni?"

Ẹja ńlá wò ó.

Ọkùnrin tí kò gba ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi gbọ́ rí, tó máa ń ní kí wọ́n ka ìṣó inú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ ra kọfí inú agolo, irú èyí tí Ẹ̀gbọ́n Chiu fẹ́ràn, tó ṣí i, tó gbé e síwájú àpótí omi, tó sì tẹ orí ba. "Ẹ̀gbọ́n, tí iná náà bá ń yọ yín lẹ́nu níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ mu kọfí yìí kí n mọ̀."

Ní agogo mẹ́rin, agolo ti ṣófo.

"Su-chiao! Su-chiao o! Wọ́n ti mu ún!"

Su-chiao sáré gòkè tòun ti ṣíbí ìdín-ẹyin lọ́wọ́. Ó wo agolo, ó wo ọkọ rẹ̀. "Òkú tó ń mu kọfí oníṣúgà. Ó dáa. Ní kó wá bá mi fọ àwo lọ́la."

Oorun kò kun Shui-yuan lọ́jọ́ kejì. Ó gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó tẹjú mọ́ èdìdì náà. Nǹkan kan ń họ ọ́ lọ́kàn. Òǹtẹ̀ náà dúró ṣánṣán, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì, ó gún bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Láti ọjọ́ tó ti wà nílé ayé, Shui-yuan ò tẹ òǹtẹ̀ kan kó gún rí! Pẹ̀lú ìkánjú ló máa ń tẹ gbogbo tiẹ̀, gátagàta.

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Apínlẹ́tà ni, ó gbé ẹrù wá. "Kang Shui-yuan! Òǹtẹ̀ yín!"

Kí ó tó dìde, Màmá Fang, Màmá Fang tí orúnkún kì í gbé lọ síbì kankan, ti dìde fùú. Ó na ọwọ́ sínú àwo ẹnu ọ̀nà, ó mú òǹtẹ̀ ọkọ ọmọ rẹ̀, bó ti ń mú un láti ọdún mẹ́ta wá nígbàkigbà tí ẹrù bá dé, tí Shui-yuan bá ń sùn, tí Su-chiao sì wà nísàlẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e lé ìwé apínlẹ́tà, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣánṣán.

Odidi aṣọ́bodè! Òǹtẹ̀ tí gbogbo ilé ń lò ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé.

"Màmá! Ẹ̀yin ni!"

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ já èdìdì mi, ẹ lẹ òmíràn! Ẹ tún mu kọfí òkú!"

"Ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣé ká wá dà á nù?" Màmá Fang padà sórí àga rẹ̀. "Ah-Yuan, jókòó. Òdòdó téèyàn bá gbé láti abẹ́ ìbòòji, a kì í kó o sí oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń—"

"Màmá, ẹranko ni! Kì í ṣe òdòdó!"

"Ohun tó bá ń jẹ oòrùn—"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Su-chiao ti gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀. "Ah-Yuan, ìyá mi lò ń jágbe mọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò jágbe! Mo mú arúfin ni!"

Màmá Fang gbé ọwọ́ sókè. "Fi í sílẹ̀. Àpótí rẹ̀ ni. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa hóró rẹ̀. Kà, kà, kà.

Shui-yuan borí. Ó fi òǹtẹ̀ sápò ṣòkòtò, ó fi sẹ́lótéèpù wé kókó náà ní ọgọ́rùn-ún bí ẹni di ọgbẹ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó jẹ àwo nudulu méjì.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní lẹ́yìn tó borí, iyùn náà ń dán yanran. "Ṣé ẹ rí i?" ó wí fún ilé. Lọ́jọ́ kejì, ìka rẹ̀ kúrú díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ká wọlé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ó wo kókó: ọgọ́rùn-ún. Ó wo Màmá: kò kúrò lórí àga. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọ̀ ewé ti ń ṣí. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, iyùn Ẹ̀gbọ́n Chiu ti funfun bí egungun ẹja lórí àwo.

Ọ̀la sì ni ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Shui-yuan sáré mú ohun ìwọ̀n rẹ̀. Ó wọn iyọ̀ inú omi: ó pé. Ó wọn ooru omi: ó dáa. Ó fura sí èéfín tùràrí. Ó fura sí ọṣẹ Su-chiao. Níkẹyìn ó gbá fóònù mú, ó pe Ah-Piao.

"Olè! Irú iná wo lo tà fún mi? Iyùn mi ti funfun!"

"Ọ̀gá Kang, ẹ fara balẹ̀. Mélòó lẹ fi í sí?"

"Ọgọ́rùn-ún!"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti ń fi í síbẹ̀, ẹnì kan ló ń yí i sí ọgbọ̀n lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n mo ti mú ẹni náà."

"Ọ̀gá Kang," Ah-Piao ní, "ẹni yẹn, ṣé ó ń wá iṣẹ́? Mo fẹ́ gbà á sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọgbọ̀n lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èèyàn á fi márùn-ún kún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn tẹ́ ẹ ní kí n dì í."

Shui-yuan gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kù láti fura sí. Ó wá a káàkiri pálọ̀, kò rí ẹnì kan, àfi ọkùnrin arúgbó kan tó yọ nínú gíláàsì àpótí omi, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú àga gbọọrọ. "Màmá."

"Orúnkún ń dùn mí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń kú lọ."

"Ẹranko ni, mo gbọ́. Kí lèmi mọ̀ nípa ẹranko?"

"Màmá, mo ṣèlérí fún òkú ni!"

Màmá Fang dẹ́kun hóró pípa. Ó na ọwọ́, Shui-yuan fà á dìde, ó sì rìn lọ síwájú gíláàsì, ó tẹ imú mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Awọ rẹ̀ ò tíì bó," ó ní. "Àwọ̀ ló sá, ẹran ṣì wà. Wo ìdí ibí yìí, ó ṣì tutù díẹ̀. Lọ bá mi gé àwọ̀n ojú fèrèsé wá, ẹyọ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ lé orí ike yìí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a yọ ẹyọ kan. Bá a ṣe ń kọ́ òdòdó ní oòrùn nìyẹn. Kí o sì yí rádaràda yẹn wálẹ̀."

Ó gé àwọ̀n fèrèsé yàrá rẹ̀. Ẹ̀fọn jẹ wọ́n mọ́jú.

Lọ́jọ́ Àìkú, opó Chiu gun àtẹ̀gùn wá. Shui-yuan ti múra irọ́ sílẹ̀: yóò ní ó ń sùn ni, pé irú iyùn bẹ́ẹ̀ máa ń sùn lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ obìnrin náà. Korobá funfun onídèérí ló gbé dání. Korobá kẹ̀? Ta ní ń gbé korobá wá mu tíì? Ta ló sọ fún un? Ah-Piao ni! Àbí Su-chiao?

"Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Iyùn náà, ó ń…" Ó wo ojú rẹ̀. "Èmi ni mo sun ún. Iná ló pọ̀ jù. Wọ́n kìlọ̀ fún mi nílé, wọ́n kìlọ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò gbọ́."

Opó Chiu gbé korobá sílẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ó wo ohun funfun tó wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ṣíṣú náà. Su-chiao gbé tíì wá, tíì tutù.

"Mo ti kọ́ omi iyọ̀ í pò," ó sọ níkẹyìn. "Oṣù kẹrin rèé. Mo ti tún àpótí omi ọkọ mi ṣe nílé, omi wà nínú ẹ̀, ó ń yí. Oṣù tó kọjá ni mo ti fẹ́ wí fún ọ pé kí n gbé e lọ sílé. Ilé dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n inú rẹ máa ń dùn tó o bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, Ah-Yuan. Ojú ń tì mí. Mo ní lónìí, ó yá, ojú ò ní tì mí lónìí."

Shui-yuan ò lè gbójú sókè. Ká ní kò borí ni, inú korobá yìí ni iyùn náà ì bá wà báyìí, pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀, tí yóò máa lọ sílé. "Ẹ gbé e," ó ní. "Tiyín ni."

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e!" Màmá Fang sọ̀rọ̀ láti orí àga. "Aláìsàn kì í kó ẹrù. Tó bá rìn lónìí, ó máa kú sọ́nà. Ìyàwó Chiu, gbé korobá ẹ síbẹ̀ yẹn. Máa wá wò ó. Wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá ta ìka tó tó èékánná, o gbé e lọ."

Opó Chiu wo Shui-yuan. "Ṣé o gbà?"

"Mo gbà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, opó Chiu á dé, á jókòó ti Màmá Fang, àwọn méjèèjì á máa pa hóró jẹ, ojú wọn kò ní kúrò lára gíláàsì. Orí mẹ́rin nínú méje kú. Funfun wọn di eérú, Shui-yuan fi ọ̀pá ìjẹun gbá wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta kù. Lọ́jọ́ kọkànlá, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà la ẹnu, ìka bíi hóró ìrẹsì mẹ́fà sì yọ jáde, wọ́n ní àwọ̀ ewé, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Àwọn obìnrin méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Shui-yuan náà rí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde. Ó wo ìka kéékèèké náà bí wọ́n ṣe ń wá ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Ó ṣeni láàánú. Ó wo kókó. Ó wo àwọn ìyá méjèèjì, ojú wọn wà lọ́dọ̀ iyùn. Kí n fi méjì péré kún iná náà, ó sọ lọ́kàn, kò ní ju méjì lọ. Ó rọra na ìka kan.

"Ọwọ́ ẹ!" Ìyá méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Shui-yuan fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì jókòó lé e lórí.